Ẹ̀yin ìyá, ọmọ tuntun mi wà lórí ọ́síjìn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o. Òtútù àyà ló mú ọmọ tuntun mi, a ṣì wà ní ọsibítù. Èémí rẹ̀ ti lé ní 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú bó bá ti ń mí, kò sì mu ọmú mọ́. Wọ́n ń gún un ní abẹ́rẹ́ ampicillin àti gentamicin, àwọn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Omi ọmú tí mo ń fún sínú ife ni wọ́n ń fi rọ́bà tín-ín-rín gba imú rẹ̀ fún un.

Ìyá ọkọ mi fẹ́ gbé àgbo wá. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún wọn, tí kò ní dìjà? Kí lẹ ṣe tí omi ọmú yín ò fi gbẹ? Tí wọ́n bá dá wa sílẹ̀, kí ni kí n máa ṣọ́ nílé?