Ẹ là mí lóye: foundation year fún civil engineering, ẹni ọdún 31

Ọmọ Bíríkìlà, Coventry
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni ọdún 31 ni mí, mo ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ láti 2018. Iṣẹ́ bíríkìlà ni bàbá mi ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ti ń bá wọn po kọnkéré kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdírì. WAEC nìkan ni mo ní: C5 nínú ìṣirò, C6 nínú Gẹ̀ẹ́sì, D7 nínú físíìsì. Mi ò ṣe poli, mi ò ṣe yunifásítì. ILR mi, ìwé ìgbélùú títí láé, jáde lọ́dún tó kọjá, ọkàn mi wá ń fà sí civil engineering.

Mo kàn sí yunifásítì kan, wọ́n ní WAEC mi ò lè gbé mi wọ ọdún kìíní, àfi kí n bẹ̀rẹ̀ láti foundation year, ìyẹn ọdún ìmúrasílẹ̀ ṣáájú ọdún kìíní. Ṣé kì í ṣe ọgbọ́n láti gba owó ọdún kan sí i lọ́wọ́ mi nìyẹn? Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà yẹn rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Àǹtí Sáìtì, Manchester
Àbúrò, o kú iṣẹ́ alẹ́ o. Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Lójú àwọn tó ń gbani wọlé níbí, ẹgbẹ́ GCSE tí ọmọ ọdún 16 ń ṣe ni WAEC, kì í ṣe ẹgbẹ́ A-level tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Ọmọ tó ka ìwé níbí á tún fi ọdún méjì ka ìṣirò àti físíìsì lẹ́yìn GCSE kó tó fẹsẹ̀ kan yunifásítì. Ọdún méjì yẹn ni foundation year ń rún pọ̀ di ọdún kan. Ọmọ ọdún 27 ni mí nígbà tí mo ṣe tèmi. Arúgbó ni mò ń tọ́jú nígbà náà. Lónìí, èmi ni mò ń gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ kiri sáìtì nínú òjò.

Kí o tó fọwọ́ sí nǹkan kan, kọ́kọ́ wò ó bóyá foundation year yẹn wà nínú oyè gan-an. Tó bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni wàá rí lórí UCAS, ibi tí a ti ń kọ̀wé wọ yunifásítì, wọ́n á kọ ọ́ ní "BEng Civil Engineering with Foundation Year", ọdún mẹ́rin ni. MEng, oyè tó ga ju BEng lọ, á jẹ́ ọdún márùn-ún. Láti ọjọ́ tí o bá wọlé ni wọ́n ti kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ fún oyè. Irú èyí ni Student Finance, àwọn tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó ìjọba, ń sanwó fún. Èyí tó dá dúró, tí wàá parí tán kí o tó tún máa wá yunifásítì kiri, wọn ò ní san kọ́bọ̀ lé e. Swansea àti East London wà lára àwọn tó ti ń ṣe irú ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ojú ewé ọdún tí o fẹ́ wọlé gan-an ni kí o kà.

Wàyí o, ìṣirò. C5 ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn ò ní gbé ọ dé ibì kankan. Kò pẹ́ tí a wọlé tí wọ́n fi wọ inú calculus. Ọkùnrin kan jókòó tì mí, ó mọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tú, ó mọ̀ ọ́n tò. Kí a gbé lẹ́tà láti apá ọ̀tún fọ́múlà lọ sí apá òsì, ohun tó lé e lọ sílé kí Kérésì tó dé nìyẹn. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ ò pé o, kò kàn rántí mọ́ ni, ojú sì ń tì í láti béèrè láàárín àwọn ọmọ ọdún 18. Bẹ̀rẹ̀ báyìí: fọ́múlà, indices, logarithm, sine àti cosine. Ogójì ìṣẹ́jú lójúmọ́ nígbà ìsinmi ṣíìfù rẹ.

Kí o sì wá káàdì ìyẹ̀wò èsì WAEC rẹ sọ́wọ́. Wọ́n á béèrè PIN rẹ̀.

Bàbá Peckham
Ẹni ọdún 31! Kí o tó jáde, àwọn tí ẹ jọ ń jókòó ní kíláàsì á ti máa pè ọ́ ní Dádì.

Àǹtí Sáìtì, Manchester
Bàbá Peckham, ẹ̀yin tí ẹ ṣe ìdánwò ìwakọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ rọra o.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Ọ̀rọ̀ èyí tó wà nínú oyè àti èyí tó dá dúró yẹn, owó ni èmi fi kọ́ ọ. Èsì A-level Táyé mi ò dáa. Àjẹ́ńtì kan ní òun á bá wa wá foundation. Ìwé tó mú wá dùn ún wò, àmì yunifásítì wà lókè rẹ̀, a bá san £1,500 àkọ́san. Ìgbà tí a kọ̀wé sí Student Finance ni wọ́n tó sọ fún wa pé ẹ̀kọ́ yẹn kì í ṣe ara oyè kankan, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ló ń kọ́ ọ lọ́tọ̀. Owó náà ò padà. Odidi oṣù kan ni Táyé ò fi bá mi sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo sanwó!

Ọ̀nà tó padà gbà ni Access to HE Diploma, ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ fún yunifásítì, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wa. Ọdún kan ni, kírẹ́díìtì 60, ó kéré tán 45 nínú rẹ̀ wà ní Level 3, ẹgbẹ́ A-level. Àgbàlagbà bíi tìrẹ lè fi Advanced Learner Loan, lọ́ọ̀nù ìjọba, san án, tí o bá sì ti parí oyè yunifásítì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á pa gbèsè Access yẹn rẹ́. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ń kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tó kù sí ni pé kò sí owó oúnjẹ nínú rẹ̀, kò sì sí yunifásítì tó ti dá àyè sílẹ̀ dè ọ́. Kọ́kọ́ bi yunifásítì tí o fẹ́ bóyá wọ́n ń gba Access fún engineering, kí wọ́n sì sọ irú èyí tí wọ́n ń gbà. Tí ìṣirò àti físíìsì inú rẹ̀ ò bá tó, wọ́n á dá ọ padà.

Ọmọ Bíríkìlà, Coventry
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Owó wá ńkọ́? Tí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ni àwọn ọmọ á jẹ?

Akọ̀wé Owó, Croydon
Ẹ kú ìfẹ́ ìwé. Ní England, £9,535 ni owó ilé ìwé tó ga jù lọ fún 2025/26, foundation year engineering sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lè gbọ́ pé wọ́n ti dín foundation year kù sí £5,760. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀kọ́ inú kíláàsì lásán bí òwò àti òfin ni wọ́n dín kù. Ti engineering ò wálẹ̀. Lọ́ọ̀nù ló ń san án fún ilé ìwé tààrà, kò ní kan ọwọ́ yín.

Ti oúnjẹ àti ilé, lọ́ọ̀nù £10,544 ló ga jù lọ́dún yẹn fún ẹni tí kò gbé ọ̀dọ̀ òbí tí kò sì kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ti kọjá ọmọ ọdún 25, torí náà wọn ò ní wo owó tó ń wọlé fún bàbá yín. Ti ìyàwó yín ni wọ́n máa wò. Ẹ béèrè Childcare Grant (owó ìtọ́jú ọmọ) àti Parents' Learning Allowance (owó ìrànwọ́ fún òbí tó ń kàwé) pẹ̀lú, wọn kì í ṣe lọ́ọ̀nù, ẹ ò ní dá wọn padà. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí àwọn èèyàn wa tó parí ọdún mẹ́rin láìgbọ́ orúkọ méjèèjì yẹn rí.

ILR nìkan ò tó o, ẹ gbọ́dọ̀ ti gbé ibí fún ọdún mẹ́ta kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Láti 2018, ìyẹn ti tán. Iye ọdún tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ ni iye ọdún ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú ọdún kan lórí rẹ̀, tí ẹ bá ní láti tún ọdún kan ṣe. Ẹni tó bá ti wọ poli tàbí yunifásítì rí, ì báà jẹ́ nílé, wọ́n lè yọ àwọn ọdún yẹn kúrò. Ẹ ò tíì wọ èyíkéyìí, ẹ jẹ̀gbádùn.

Ìpadàsan: nínú owó oṣù yín tó bá lé ní £25,000 lọ́dún, ìdá 9 nínú 100 ohun tó lé yẹn ni wọ́n ń yọ. Lẹ́yìn ọdún 40, wọ́n á pa ìyókù rẹ́.

Onígeography, Bristol
Èmi ti ní BSc nílé, mo gbọ́ pé kò sí lọ́ọ̀nù fún oyè kejì. Ṣé mo kúkú gbàgbé rẹ̀?

Akọ̀wé Owó, Croydon
Tí ẹ bá fẹ́ kà á ní àkókò kíkún, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n engineering wà lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀ nínú òfin yẹn tí ẹ bá ń kà á ní part-time. Wọ́n á yá yín owó ilé ìwé.

Alhaji Luton
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Èlé tó wà lórí lọ́ọ̀nù yìí ni ò bá ẹ̀sìn mi mu. Ọmọ mi sì ń fẹ́ iṣẹ́ yìí.

Àǹtí Sáìtì, Manchester
Alhaji, ẹ kú ọjọ́ o. Ẹ jẹ́ kó wá degree apprenticeship. Iléeṣẹ́ ló máa gbà á síṣẹ́, tí á máa san owó oṣù fún un, á sì máa lọ sí yunifásítì ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tàbí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan pa pọ̀. Kò ní san owó ilé ìwé rárá. Ó pẹ́ díẹ̀ ju ti tààrà lọ, àwọn tó sì ń du àyè rẹ̀ pọ̀ bí eṣú, kó tètè máa kọ̀wé. Fún ọmọ ọdún 18 tó gbọ́n, òun ni èmi ìbá mú lákọ̀ọ́kọ́.

Ọdún Kejì, Swansea
Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Bíríkìlà, ẹ má fòyà. Ohun tí wọ́n máa kọ́ yín, ẹ ti fi ọwọ́ ṣe é. Ẹ wo èyí. Ẹ gbé pákó kan dábùú gọ́tà, kí búlọ́ọ̀kù gbé e lápá ọ̀tún àti òsì, kí èèyàn wá dúró sí àárín. Pákó á tẹ̀ wálẹ̀. Òkè rẹ̀ ń fún pọ̀, abẹ́ rẹ̀ ń nà. Líńtẹ́lì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ojú fèrèsé, ojú lásán ni kò rí i. Ẹ tẹ kọnkéré títí, kò ní kọ̀. Ẹ fà á díẹ̀, á ya. Irin ló lè gba fífà, ìdí nìyẹn tó fi ń wà nísàlẹ̀.

Agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní bending moment. Tí ẹrù bá tẹ́ dọ́gba lórí rẹ̀, ẹ mú ẹrù tó wà lórí mítà kan, ẹ fi ìgùn rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ pín in sí 8. Ká ní ìgùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4, ẹrù sì jẹ́ 10 kN (kilonewton, òṣùwọ̀n ẹrù) lórí mítà kọ̀ọ̀kan: 10 × 4 × 4 jẹ́ 160, ẹ pín in sí 8, ó di 20 kNm. Ẹ sọ ìgùn yẹn di mítà 8, kò ní jẹ́ 40 o, 80 ni. Ọjọ́ tí mo rí ìyẹn ni mo tó mọ ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ wa nílé fi máa ń ti òpó sí àárín yàrá ńlá.

Ọmọ Bíríkìlà, Coventry
Ha! Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan. Ilé kan wà tí a kọ́ nílé, onílé gba iṣẹ́ bákónì lọ́wọ́ bàbá mi, ó gbé e fún ẹlòmíràn tó gba owó tó kéré. Nígbà tí bàbá mi kọjá tí wọ́n rí i pé ọkùnrin náà to irin sísàlẹ̀ bíi ti líńtẹ́lì, wọ́n dúró, wọ́n ní, "Òkè ni irin bákónì ń wà." Ọkùnrin náà ní òun ò bi wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n tú pákó abẹ́ rẹ̀, ó ya ní ẹ̀bá ògiri láti òkè wá, wọ́n tún sáré ti igi sábẹ́ rẹ̀. Bákónì ò ní ohun tó gbé e lápá kejì, àbí? Orí rẹ̀ wá ń wálẹ̀, òkè ló ń nà.

Ọdún Kejì, Swansea
Cantilever nìyẹn! Ẹ ti ka ọdún kìíní tán nìyẹn o.

Àǹtí Sáìtì, Manchester
Wò ó, ìtàn yẹn gan-an ni kí o kọ sínú personal statement rẹ. Ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wàá fi sọ ara rẹ fún yunifásítì. Má kọ pé láti kékeré lo ti nífẹ̀ẹ́ sí àwọn afárá ńlá, wọ́n ti kà á títí ó ti sú wọn.

Nígbà tí o bá ń yan ilé ìwé, wò ó bóyá Joint Board of Moderators, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ oyè civil engineering wò, fọwọ́ sí oyè náà. MEng tí wọ́n fọwọ́ sí ti tó ní apá ìwé fún Chartered Engineer, ipò ẹ́ńjíníà tó ga. Tó bá jẹ́ BEng, wàá tún fi ìwé kún un tó bá yá. Tí ọkàn rẹ bá ń rò ó láti padà sílé ṣiṣẹ́, COREN ló máa forúkọ rẹ sílẹ̀ níbẹ̀, kí o tọ́jú gbogbo ìwé máàkì rẹ. ICE, ẹgbẹ́ àwọn civil engineer tó ti wà láti 1818, kì í gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọlé síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí o bá bẹ̀rẹ̀.

Ní láàbù, wọ́n á fún ọ ní irin kan tó dà bí àrọ tí a fi ń rọ epo, tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀: gíga rẹ̀ jẹ́ mílímítà 300, ẹnu rẹ̀ lókè 100, ìdí rẹ̀ 200. Wàá rọ kọnkéré sí i lẹ́ẹ̀mẹta, wàá fi ọ̀pá gún un nígbà 25 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wàá gbé irin náà sókè jẹ́ẹ́, wàá wá wọn bí kọnkéré ṣe wálẹ̀ tó. Bí omi bá ti pọ̀ jù, á wó bí ẹ̀bà tó rọ̀ jù.

Ọmọ Bíríkìlà, Coventry
Mo ti bá ìyàwó mi sọ ọ́, foundation year inú oyè ni a mú, UCAS ti wọlé kí oṣù Kínní tó tó ìdajì. Mo pe bàbá mi lálẹ́ àná, mo sọ fún wọn nípa irin mílímítà 300 yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbà wọ́n. Wọ́n ní ọwọ́ lásán ni àwọn fi ń fún un wò láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n tún wá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n bi àwọn olùkọ́ náà: tí kọnkéré yẹn bá wó pátápátá, ta ló ń san owó sìmẹ́ńtì?