Oko kòkó bàbá mi ń di igbó lójú mi, mo sì ń sọ pé ọ̀la

Ọmọ Olókè
Ẹ kú iṣẹ́ níbí o. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́.

Tíṣà ni mí ní Àkúrẹ́. Nígbà tí bàbá mi papò dà ní 2020, wọ́n fi oko kòkó éékà 5 sílẹ̀ fún mi lọ́nà Ìdànrè. Nígbà ayé wọn, oko yẹn ń mú àpò 12 wá lọ́dún, àpò oníkílò 64. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo sọ fún ìyàwó mi pé tí ilé ìwé bá ti gba họ́lídè, n ó lọ ṣán an. Họ́lídè dé, mo ní òjò ti pọ̀ jù. Òjò dá, mo ní kí owó oṣù kọ́kọ́ wọlé ná. Ní 2022, mo kúkú ra tánkì tí wọ́n fi ń fín kòkó. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ò tíì kúrò lára rẹ̀ títí dòní. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ló wà, ìyàwó mi ń sá táwẹ́ẹ̀lì lé e lórí.

Bẹ́ẹ̀ ni 2024 ṣe dé bá mi. Ẹ̀yin náà rí i, kòkó kọjá dọ́là 10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé. Àwọn tá a jọ ṣe kékeré ní Ìdànrè ń ra ọ̀kadà, wọ́n ń pààrọ̀ páànù orí ilé. Èmi sáré lọ sóko lóṣù Kẹwàá. Koríko dé àyà mi. Ọmọ kòkó tó dúdú, tó gbẹ mọ́ igi, pọ̀ ju èyí tó pọ́n lọ. Àpò kan ààbọ̀ ni mo rí kó, alágbàṣe tó bá mi ká a sì gba tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé n kì í ṣọ̀lẹ níbi iṣẹ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo ń jáde nílé. Ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, mo á jókòó ti bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó, mo á ní tí abala kejì bá parí n ó múra. Ní báyìí tí owó kòkó ti já wálẹ̀, ọkàn mi tún ń sọ pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ọkùnrin kan sì fẹ́ ra ilẹ̀ náà, tòun ti kòkó orí rẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ohun tẹ́ ẹ ti pa tì fọ́dún 5?

Aláyò Abẹ́ Igi
Ẹ̀gbọ́n tíṣà, ẹ bá mi bi tánkì yẹn bóyá ó ti ń san owó ilé. Ọdún 3 lẹ́yìn ilẹ̀kùn!
Èmi kò kúkú lẹ́nu láti bá yín wí. Ilé tí mò ń kọ́ dúró sí ojú fèrèsé, ewúrẹ́ àdúgbò ló ń bímọ síbẹ̀.

Ìyá Oníkòkó, Ilé-Olújì
Tíṣà, ẹ kú ìfaradà. Mò ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó ti lé lógún ọdún. Ẹ jẹ́ n bi yín: ẹ ní owó ti já wálẹ̀, nígbà tó lọ sókè, ṣé ẹ lọ ni? Àwáwí nìyẹn, ẹ má bínú.

Ẹ má tà á. Tí ẹ ò bá ráyè, ẹ wá ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀, kẹ́ ẹ jọ pín in sọ́nà mẹ́ta, kó gba ọ̀kan, kẹ́ ẹ gba méjì. Àmọ́ ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín tẹ oko yẹn déédéé. Ẹni tí ò mọ iye igi tó ní, iye àpò tó bá wu alágbàtọ́jú ni wọ́n máa bá a kà.

Àgbà Oko
Ọmọ mi, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Oko yẹn tóbi lójú rẹ ni, kì í ṣe pé o ya ọ̀lẹ. Èmi náà ṣe é rí. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, mo fi kòkó sílẹ̀ lọ ń wa dánfó ní Èkó. Lọ́dún 1986 tí ìjọba tú bọ́ọ̀dù tó ń bu owó lé kòkó ká, tí owó rẹ̀ wá dára, mo padà wálé bá igbó. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó sẹ́nu abà tí mò ń pọ́n àdá. Àdá mú, mo tún ń pọ́n ọn. Lọ́jọ́ kan, àbúrò bàbá mi bi mí pé, “Láti ibi tó o jókòó sí yìí, igi mélòó lo rí?” Mo ní méje. Wọ́n ní, “Ro ìdí méje yẹn, kó o wá jẹun.” Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù Kẹjọ la wà yìí, òjò ṣì wà nílẹ̀, má ì tíì ro gbogbo rẹ̀. Èyí tó dúdú lára igi ni kó o kọ́kọ́ ká, kó o sì kó o jáde kúrò nínú oko. Àrùn ló ń sọ ọ́ dúdú, ọ̀kan tó bá dúdú lónìí, òjò ló ń ta á sára èkejì. Lẹ́yìn náà, dín ẹ̀ka kù kí atẹ́gùn lè wọlé, torí ibi tó tutù tó sì ṣókùnkùn ni àrùn yẹn fẹ́ràn. Ìgbà yẹn ni wàá tó bọ́ ọ̀rá kúrò lára tánkì rẹ. Máa fín in lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta títí òjò á fi dá. Igi tó bá ti gbó jù, tọ ilé ìwádìí kòkó lọ ní Ìdí-Ayunrẹ nítòsí Ìbàdàn, láti 1964 ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ìyẹn di ọdún tó ń bọ̀.

Ìyá Oníkòkó, Ilé-Olújì
Bàbá, ṣé kò ní yá jù kó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá àáró?

Àgbà Oko
Ìyá, ọjọ́ wo ni tíṣà máa fi san àáró padà? Sátidé kan péré ló ní lọ́sẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni kó bẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á gúnyán, òun á ra ẹmu, ẹni tó bá fẹ́ràn bàbá rẹ̀ á yọjú.

Ọmọ Olókè
Ẹ ṣeun gan-an. Ìyàwó mi ka gbogbo ẹ̀, ó ká táwẹ́ẹ̀lì kúrò lórí tánkì láì sọ nǹkan kan.

Mo lọ ní Sátidé àná. Láti ẹnu abà, igi 11 ni mo rí. Mo ro ìdí wọn, mo ká dúdú ara wọn, ó kún garawa mẹ́ta. Ọwọ́ mi lé ròrò. Mo rí bàtà òjò bàbá mi lábẹ́ ibùsùn abà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, eèrà ti kọ́lé sínú rẹ̀. Mi ò lè gbé e, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo délé bá abala kejì bọ́ọ̀lù.

Mo ti sọ fún ọkùnrin tó fẹ́ ra ilẹ̀ pé kó má dúró dè mí. Bàbá, ìbéèrè kan: àfòmọ́ ti wọ ẹ̀ka ńlá kan lára igi kẹta. Ṣé kí n fà á tu ni, tàbí kí n gé ẹ̀ka náà?

Àgbà Oko
Gé ẹ̀ka náà, bọ́ sẹ́yìn ibi tó ti wọnú igi. Tó o bá fà á, á tún hù. Ṣé ìyàwó rẹ ti mọ iye ẹni tó ń bọ̀ wá jẹun ní Sátidé?