Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ayẹ̀wò ilé-iṣẹ́ yìí

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará. Kábà ni mo wà, iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ní ọsibítù ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì. Àwọn kan ní kí n wá yọ̀ǹda ara mi, ká jọ máa yẹ bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń ṣe nǹkan rẹ̀ wò, ká sì fún un ní máàkì. Ìlànà Baldrige ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, èyí tí wọ́n fi òfin dá ẹ̀bùn rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tó bá tayọ sílẹ̀ ní 1987. Nínú máàkì 1000, èsì iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ṣe nìkan kó 450 nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn, torí ọ̀rọ̀ dídùn ò wo aláìsàn sàn.

Ibi tó ti há nìyí. Nígbà ìdánrawò, mo kọ ọ́ pé "kí wọ́n ra jẹnẹrétọ̀ míì." Wọ́n fi bírò pupa fagi lé e! Wọ́n ní ohun tí mo rí àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni kí n kọ, kí n má pàṣẹ. Báwo lẹ ṣe ń kọ ọ́ tí kò fi ní dà bí àbùkù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn kan tí ẹ ti kọ rí hàn mí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Èkejì: àbúrò ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ níbì kan tí wọ́n pín fún mi láti yẹ̀ wò lọ́nà Ìsánlú. Ṣé kí n kàn sọ fún wọn ni, àbí kí n yẹra pátápátá? Ìyàwó mi ní kí n dákẹ́. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀.