Ológbò inú ọgbà wa tí àrùn kíndìnrín ń bá jà: báwo ni mo ṣe lè tọ́jú rẹ̀ níta?

Olùbéèrè, Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Abo ológbò kan wà nínú ọgbà tí a ń gbé, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Mo bá a níbẹ̀ nígbà tí mo kó dé, àwọn ayálégbé tó ṣáájú mi sì sọ pé àgbà ni láti ìgbà tí àwọn ti mọ̀ ọ́n. Abẹ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé ló ń sùn, kì í sì í wọlé, kódà bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó máa ń jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí rẹ̀ nígbà tó bá ń jẹun, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe bí ẹni fẹ́ gbé e, orí ògiri ni a ó ti bá a.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni mo ti rí i pé omi tó ń mu ti pọ̀ jù. Á lóṣòó ti abọ́ omi, á mu, á sinmi díẹ̀, á tún mu. Lẹ́yìn náà á lọ sídìí oúnjẹ, á gbóòórùn ẹja, á máa fi ahọ́n lá ètè rẹ̀, á sì yípadà láì fẹnu kàn án. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ, irun rẹ̀ kò sì dán mọ́. Aládùúgbò mi kan bá mi fi àgò adìẹ mú un, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko. Lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, wọ́n ní àrùn kíndìnrín tó ti pẹ́ lára ni, pé kò ní lọ, ṣùgbọ́n pé a lè bá a ṣe é kí ara rẹ̀ tù ú. Wọ́n fún mi ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́.

Ìbéèrè mi ni pé, báwo ni ènìyàn ṣe ń fún ẹranko tí kò ṣeé mú ní oògùn lójoojúmọ́? Ṣé kí n tì í mọ́lé ni? Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n fi í sílẹ̀ kó kú ní àlàáfíà, ọkàn mi kò sì gbà á.

Dókítà ẹranko, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀ o. Kíndìnrín tó bá ti bàjẹ́ kì í padà sípò, nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá sì fi máa fi hàn pé creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń sẹ́ jáde, ti lọ sókè, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ti lọ. Ohun tó ń fa òùngbẹ náà nìyẹn: kíndìnrín kò lè mú kí ìtọ̀ ki mọ́, omi ara ń bá ìtọ̀ jáde, ẹranko náà sì ní láti máa fi mímu dí i. Bí ọyẹ́ bá tún wá ń fa omi ara jáde, wàhálà di méjì. Nítorí náà, omi ni ẹ ó kọ́kọ́ kà sí oògùn. Ẹ gbé abọ́ tó fẹjú sí ibi mélòó kan nínú ọgbà, kí ó jìnnà díẹ̀ sí oúnjẹ, ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì máa da omi tí ẹ fi bọ ẹja sórí oúnjẹ rẹ̀ kó lè rọ̀.

Ní ti oúnjẹ, èyí tí wọ́n ń ṣe fún ológbò oníkíndìnrín dára nítorí pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà kan tó ń ni kíndìnrín aláìsàn lára, kéré nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá jẹ ẹ́, asán ni. Kí ó jẹun ló ṣe pàtàkì jù. Ológbò tó bá lo ọjọ́ 2 sí 3 láì jẹun, ọ̀rá lè kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn sì lè pa á kí kíndìnrín tó pa á. Ẹ bọ ẹran adìẹ tí a ti yọ egungun rẹ̀, tàbí ẹja títù, láìsí iyọ̀, màgí, ata tàbí àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà àti áyù ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, torí náà ẹ má fún un ní àjẹkù ọbẹ̀. Edé gbígbẹ àti egungun ẹja kún fún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, bó ti wù kó fẹ́ràn wọn tó.

Ètè tó ń lá nídìí oúnjẹ yẹn, èébì ló ń gbé e. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà yín, kí ẹ sì bi í pé nínú gbogbo oògùn tó kọ, èwo ni kò ṣeé má lò. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní mirtazapine, tó ń mú kí ológbò jẹun; wọ́n ṣe irú rẹ̀ tí a fi ń pa inú etí, ìyẹn sì rọrùn fún ẹranko tó bá ń jẹ́ kí a fọwọ́ kan orí òun. Oògùn oníhóró, ẹ fi ẹja tí ẹ fọ́ ṣe òkèlè kéékèèké: ẹ kọ́kọ́ fún un ní èyí tí kò ní nǹkan nínú, kí ẹ fi èyí tó ní oògùn tẹ̀ lé e, kí ẹ sì tètè fún un ní òmíràn tí kò ní nǹkan nínú. Ebi ni kí ó wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní oògùn ara ènìyàn láéláé. Hóró parasitamọ́ọ̀lù 500 mg kan ṣoṣo lè pa ológbò. Ibuprofen àti diclofenac ń ba kíndìnrín jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ gentamicin tí a máa ń lò fún egbò, nítorí náà dókítà yòówù kó fọwọ́ kàn án, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé kíndìnrín rẹ̀ kò dára. Bí ẹ bá rí i tó ń kọlu nǹkan, tí ọmọlójú rẹ̀ sì fẹ̀ láì sú pọ̀ mọ́ nínú oòrùn, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣeé ṣe kó ti dé ojú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Èmi kò ní gbà yín níyànjú láti tì í mọ́lé. Ológbò tó ti dàgbà síta, bí a bá tì í, ìbẹ̀rù nìkan lè gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wá àgò tó nílẹ̀kùn, ẹ ṣí i sílẹ̀, kí ẹ sì máa gbé oúnjẹ rẹ̀ sínú rẹ̀. Tí ó bá ti mọ́ ọn lára láti máa wọlé jẹun, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ kàn máa ti ilẹ̀kùn ni.

Ará Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ológbò oníkíndìnrín kan wà nínú ọgbà ẹ̀yìn ilé tiwa náà títí tó fi lọ. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹlòmíràn ń bọ́ ọ. Níbí, a máa ń fi bébà ṣe ìgbànú ọrùn, a ó kọ nọ́ńbà fóònù sára rẹ̀, a ó sì fi í sọ́rùn rẹ̀ wẹ́rẹ́, kí ó lè já bí ó bá kọ́ igi. Ẹni tó bá ń fún un lóúnjẹ yóò pè. Ó ṣe pàtàkì, nítorí òkèlè olóògùn tí ẹ bá ṣe láàárọ̀ kò ní wù ú jẹ bí ẹnì kan bá ti fún un ní ẹja oníyọ̀ lóru.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, ẹ bá mi fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé àrùn kíndìnrín tí a fi sílẹ̀ kì í pa ẹranko ní àlàáfíà. Èébì, egbò ẹnu àti òùngbẹ tí omi kò pa ni. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ bóyá ó jẹun, bóyá ó tún irun ara rẹ̀ ṣe, bóyá ó jáde wá pàdé yín. Nígbà tí ọjọ́ tí kò ṣe ọ̀kankan nínú wọn bá ti pọ̀ ju èyí tó ṣe é lọ, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ tí ń mú kí ẹranko sùn lọ láìjẹ̀rora. Àánú ni ìyẹn náà jẹ́, kì í ṣe ìwà ọ̀dàlẹ̀.

Ìyá kan ní Òṣogbo

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ dára, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé àwọn aládùúgbò. Àwọn kan ṣì ń so ológbò mọ́ àjẹ́, ẹranko tó sì rù, tó ń rìn tàgétàgé lóru, á tètè bà wọ́n lẹ́rù. Ẹ sọ fún wọn pé àìsàn ni, pé àìsàn náà kì í ran ènìyàn, àti pé ẹ ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ bẹ àwọn tó ń fi ọ̀tápíápíá pa eku pé kí wọ́n lo pańpẹ́ dípò rẹ̀, torí ológbò tó bá jẹ eku olóró yóò bá eku náà lọ. Kí ẹ sì bi dókítà bóyá ara rẹ̀ lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Bí ó bá bù yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Olùbéèrè, Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti gbé àgò onílẹ̀kùn sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì ti jẹ adìẹ bíbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì wọ inú lọ. Ọ̀rọ̀ èébì yẹn ni màá fi pe dókítà wa lọ́la, nítorí kò sí oògùn rẹ̀ nínú èyí tí wọ́n fún mi. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta wa ló ti ń fún un ní pánlá láràárọ̀. Ó ti gbà láti máa rẹ ẹ́ sómi kí iyọ̀ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìyẹn tó, àbí kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó dá a dúró pátápátá.

Dókítà ẹranko, Abẹ́òkúta

Kò tó. Rírẹ ẹ́ sómi á dín iyọ̀ kù, ṣùgbọ́n egungun àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ máa fún ìyá náà ní díẹ̀ nínú adìẹ tí ẹ bọ̀, kí òun náà lè rí nǹkan fún un láàárọ̀.