Re: Letterboxing fún ẹbí ọmọ tí àìsàn ẹ̀ le, ẹ bá mi yọ "ìrántí" kúrò ńbẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àròjinlẹ̀. Mo ti ka orúkọ Yorùbá tẹ́ ẹ dá lábàá fún letterboxing, eré tí wọ́n ti ń fi àpótí kékeré pamọ́ síta káwọn ẹlòmíràn lọ wá a rí, èyí tí wọ́n fi ń yẹ́ ẹbí àwọn ọmọ tí àìsàn wọn le sí, ẹ̀gbọ́n wa kọ́kọ́ mú "ọdẹ àpótí lẹ́tà ìrántí" wá, àbúrò wa kan ní "bojúbojú àpótí" ni kó jẹ́. Mi ò fara mọ́ ìkankan, ti ẹ̀gbọ́n ló sì le jù lójú mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú èyí tó rọrùn. Ní 1854 ni James Perrott, tó máa ń mú àlejò rìn lórí Dartmoor nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìgò kan sí Cranmere Pool káwọn tó bá rìn débẹ̀ máa fi káàdì orúkọ wọn sínú ẹ̀, nígbà tó yá wọ́n ń fi lẹ́tà àti káàdì tí wọ́n ti kọ àdírẹ́sì sí síbẹ̀, ẹni tó bá tún dé á bá wọn kó o lọ pósọ́fíìsì, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ lẹ́tà ti wọ̀ ọ́. Lóde òní òǹtẹ̀ rọ́bà ló wà nínú àpótí tí wọ́n ń fi pamọ́, ọ̀pọ̀ ló ń fọwọ́ ara wọn gbẹ́ ẹ, pẹ̀lú ìwé kékeré kan. Ẹni tó bá rí i á fi òǹtẹ̀ tiẹ̀ lu ìwé inú àpótí, á fi òǹtẹ̀ inú àpótí lu ìwé tiẹ̀, á wá dá gbogbo ẹ̀ padà síbi tó ti bá a. Àpótí òǹtẹ̀ nìyẹn kẹ̀! Ọdẹ sì kọ́, torí ohun tọ́dẹ bá rí, ilé ló ń gbé e lọ. Bojúbojú náà ò bá a mu, ẹni tó sá pamọ́ nínú bojúbojú ò fẹ́ kí wọ́n rí òun, àpótí yìí ńkọ́, wọ́n kọ ọ̀nà ẹ̀ sílẹ̀ fún yín, ibi tí kọ́ńpáàsì máa kọjú sí, ìgbésẹ̀ mélòó látìdí igi. "Àwárí" ló tọ́.

Ó wá ku "ìrántí". Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní "mo rántí yín nínú àdúrà" ò pa ẹnikẹ́ni, òótọ́ ni, ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn ò lẹ́bi. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ di "ní ìrántí", téèyàn sì tẹ orúkọ ọmọ mọ́ ọn, ta ni ò ní béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n sin ín? Ọmọ ọ̀hún wà láàyè o, ó lè jẹ́ òun gan-an ló sọ pé ọkọ̀ ojú omi lòun fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ sórí òǹtẹ̀ ti ẹbí òun. "Ìbánikẹ́dùn" tí ẹnì kan sọ lánàá náà, ibì kan náà ló ń lọ.

Irú ẹ̀ náà ló jẹ́ ká máa pe hospice ọmọdé, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí àìsàn wọn le, ní "ilé ìdúró-de-ikú", èyí tẹ́nì kan kọ síbí láìwojú ẹnikẹ́ni. Helen House ní Oxford, tí wọ́n ṣí ní 1982, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú ẹ̀ láyé, ọmọ lè lọ lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀ kó sì padà sílé, káwọn òbí lè sinmi, káwọn ẹ̀gbọ́n àtàbúrò náà rójú wọn rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí "ẹbí" wà bó ṣe wà, ká má sọ ọ́ di "òbí", ta ló máa ń bi ẹ̀gbọ́n ọmọ tó ń ṣàìsàn pé báwo ni?

Èmi ní "àwárí ìdúrótì". "Ìyẹ́sí" ò burú, ó kàn ń dún bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ ni, dídúró ti èèyàn ló sì jọ pé wọ́n ń ṣe. Tí aburú bá wá ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹbí yẹn ló máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n kọ sára àpótí tiwọn, àwa kọ́.