Níbo ni a ti lè rí owó ìjọba fún ààbò igbó orísun odò wa ní ẹ̀gbẹ́ Iléṣà?

Ọmọ Ọbòkun kọ pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè abúlé kan tí kò jìnnà sí Iléṣà. N kò ní dárúkọ abúlé náà, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà nínú ohun tí mo fẹ́ bi yín. A ní igbó kan tí àwọn baba ńlá wa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáko sí, torí pé inú rẹ̀ ni odò tí gbogbo abúlé ń pọn ti ń sun. Ìrókò àti àràbà ṣì wà níbẹ̀, a sì ń gbọ́ igbe ẹdun níbẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ mọ́ nínú gbogbo oko kòkó tó yí igbó náà ká.

Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí tí àwọn agégẹdú ti ń wọ ibẹ̀ lóru. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń wa wúrà dé, tí wọ́n sì ń fọ erùpẹ̀ sí ibi tí odò ti ń jáde kúrò nínú igbó. Ní oṣù tó kọjá, mo bu omi níbi tí àwọn ìyàwó ilé ti máa ń pọn ọ́n, mo rọ ọ́ sínú ìgò funfun kan, mo sì gbé e ka orí fèrèsé láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹrẹ̀ pupa tó wà ní ìdí ìgò náà nígbà tí mo padà dé ga tó ìka mẹ́ta.

Ọdẹ mẹ́rìnlá ló ń ṣọ́ igbó yìí ní àṣegbà, owó ara wọn ni wọ́n sì fi ń ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì. A kọ ìwé sí ọ́fíìsì ìjọba kan lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí a lọ béèrè, wọ́n ní àwọn kò rí fáìlì rẹ̀. Mo gbọ́ pé ìjọba wa àti àwọn àjọ àgbáyé ní owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Èwo nínú rẹ̀ ni ọwọ́ abúlé lè tó? Ṣé dandan ni kí a kọ́kọ́ fa igbó náà lé ìjọba lọ́wọ́? Ohun tó ń ba Baálẹ̀ wa lẹ́rù nìyí, pé bí a bá ti kọ̀wé pè wọ́n, igbó wa yóò di igbó ọba, a ó sì máa tọrọ àyè kí a tó já ewé eéran nínú ohun ìní wa.

Àgbà Onígbó, Ilé-Ifẹ̀, dáhùn pé:

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ igbó, Ilé-Ifẹ̀ ni mo sì fìdí kalẹ̀ sí. Ẹ má bá Baálẹ̀ yín jà, nítorí ìbẹ̀rù wọn nídìí. Òfin ìlò ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, òfin igbó tó sì ti wà ṣáájú rẹ̀ mú kí igbó tí ìjọba bá ti kéde di ohun tí ìdílé tàbí abúlé kò lè dá ṣètò mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kíkéde yẹn fúnra rẹ̀ kì í mú owó wá. Ẹ wo Ṣáṣá, ẹ wo Àgọ́-Òwu, ẹ wo Ìkèjì-Ìpetu: igbó ọba ni gbogbo wọn nínú ìwé, síbẹ̀ ẹni tó bá wọ inú wọn lónìí yóò rìn pẹ́ lábẹ́ igi kòkó kó tó bá igi gẹdú gidi pàdé. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àwa mẹ́rin ni a ń ṣọ́ igbó kan tí ènìyàn kò lè fẹsẹ̀ yí ká ní ọ̀sẹ̀ kan, alùpùpù kan ṣoṣo tí wọ́n fún wa sì lo oṣù mẹ́jọ níwájú ilé mẹkáníìkì nítorí owó táyà. Bí owó ìpínlẹ̀ bá dé, owó oṣù ni yóò kọ́kọ́ san. Ohun tó bá kù ni wọ́n fi ń ra epo.

Ní ti ìjọba àpapọ̀, owó tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọgbà ìtura ẹranko, irú èyí tó wà ní Kainji láti ọdún 1979 àti ti Ọ̀yọ́ Ilé, kò lè dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí àwọn ọgbà tí òfin dárúkọ nìkan ló wà fún. Èyí tí ẹ lè ronú sí ni Ecological Fund. Ọdún 1981 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí wọ́n yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìṣòro àyíká bí ọ̀gbàrá, ìkún omi àti aṣálẹ̀ tó ń gba ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó ṣòro kí abúlé kọ̀wé síbẹ̀ fúnra rẹ̀ kó rí èsì. Ìbéèrè tó bá gba ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọjá ló sàn jù, nítorí náà ẹnu ọ̀nà yín wà ní iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Òṣogbo.

Ẹ má sì kọ ọ́ sínú ìwé yín pé ẹ fẹ́ dáàbò bo ẹdun. N kò sọ pé ẹdun kò ṣe pàtàkì o; mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Àmọ́ ètè odò tó ń ya lulẹ̀, ihò tí àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀, àti omi mímu tó dẹrẹ̀ ni owó yẹn mọ̀. Ẹ ya àwòrán ibi tí ilẹ̀ ti ń ya náà ní ìgbà òjò àti ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti ojú kan náà, kí ẹ sì gbé ìgò yẹn dání.

Ọdẹ Àtàkúnmọ́sà dáhùn pé:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí èmi náà fi ẹnu kan tirẹ̀. Ohun tí ẹ ń sọ kò burú, ṣùgbọ́n kí ìwé tó dé Òṣogbo kó sì tó dé Àbújá, àwọn awakùsà á ti fọ gbogbo ìdí igbó náà tán. Ohun ìjà kan wà nílẹ̀ tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 kò gba kí ìwé àṣẹ ìwakùsà kankan fún ènìyàn láṣẹ láti wa ilẹ̀ ní ibi tó jẹ́ ojúbọ, itẹ́ òkú tàbí ilẹ̀ àjogúnbá tí a kà sí mímọ́. Bí igbó yín bá ní ojúbọ nínú, ẹ jẹ́ kí Baálẹ̀ àti àwọn àwòrò fọwọ́ sí ìwé kan tó sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì ìwakùsà ìjọba àpapọ̀ kí ẹlòmíràn tó lọ gba ìwé àṣẹ lé e lórí.

Òfin yìí kan náà ló sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá gba ìwé àṣẹ ìwakùsà gbọ́dọ̀ bá ìlú tó wà lórí ilẹ̀ náà kọ ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín tí wúrà ti ń jáde, ilé ẹ̀kọ́, ọ̀nà àti kànga ni àwọn ìlú sábà máa ń kọ sínú rẹ̀. Kò sí ohun tó ní kí ẹ má kọ owó àwọn ọdẹ aṣọ́gbó àti gbígbin igi sí etí odò mọ́ ọn. Lóòótọ́, owó ìjọba kọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin ìjọba ló fi ipá gbà á fún yín. Àwọn tó ń wá lóru láìní ìwé kankan kò ní bá yín ṣàdéhùn, ìyẹn sì ti di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Àwọn mẹ́rìnlá yẹn náà, kí wọ́n má ṣe dá kojú wọn o. Ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn.

Àdùkẹ́ Láagere dáhùn pé:

Mo kí gbogbo yín. Mo ti bá ẹgbẹ́ kan kọ ìwé àbá fún owó ìrànwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì dá wa padà, nítorí náà inú ìjákulẹ̀ ni ìmọ̀ mi ti wá.

Èyí tó yẹ yín jù lọ lójú tèmi ni ètò owó kékeré ti Global Environment Facility, àpò owó àgbáyé fún ọ̀rọ̀ àyíká, tí UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ń bójú tó láti ọdún 1992. Owó ìjọba oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló wà nínú àpò náà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ìlú àti ẹgbẹ́ aláìlérè ni wọ́n ń fún, kì í ṣe gómìnà. Ìgbìmọ̀ kan nínú orílẹ̀-èdè wa ló ń ṣe ìpinnu, àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì gbọ́dọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 50,000 dọ́là ni òkè ohun tí ẹgbẹ́ kan lè gbà lórí iṣẹ́ kan, owó tí kò ju 5,000 dọ́là lọ sì wà fún ìmúrasílẹ̀ ìwé àbá. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń san án; bí ẹ kò bá ròyìn bí ẹ ti ná ti àkọ́kọ́, ẹ kò ní fojú kan ti ìkejì.

Wọn yóò béèrè pé kí ni ẹ̀yin fúnra yín mú wá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ abúlé ti máa ń dákẹ́, tí wọ́n á ní àwọn kò lówó. Ẹ̀yin lówó! Ọdẹ mẹ́rìnlá tó ń ṣọ́ igbó lóru, iye òru tí wọ́n fi ṣọ́ ọ, ilé tí ẹ ti ń ṣèpàdé, bátìrì tí wọ́n rà: gbogbo rẹ̀ ni a máa ń ṣírò sí owó nínú ìwé àbá. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan lónìí, kí ọdẹ kọ̀ọ̀kan máa kọ ọjọ́, wákàtí àti ohun tó rí sínú rẹ̀, ìbáà ṣe ohùn ẹdun tàbí ipa ayùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe dá wa padà nígbà àkọ́kọ́. Ẹni tó yẹ ìwé wa wò béèrè pé níbo ni igbó náà parí sí. Àgbàlagbà kan nínú wa nawọ́ sí ìlà pèrègún tí bàbá rẹ̀ gbìn, ó sì sọ orúkọ ìdílé tó wà ní òdìkejì rẹ̀ láìṣì ní ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni náà fetí sílẹ̀ dáadáa, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àwòrán ilẹ̀ nínú fáìlì wa, ọ̀rọ̀ parí. Ìgbà tí a padà lọ, a fi GPS orí fóònù gba ojú ilẹ̀ pèrègún kọ̀ọ̀kan, àwọn ìdílé tó pààlà pẹ̀lú wa sì fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni wọ́n gbà.

Ẹgbẹ́ yín gbọ́dọ̀ ní ìwé pẹ̀lú. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó ní àwọn alágbàtọ́jú, èyí tó wà ní apá F òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, kí ẹ sì gba ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó ìdọ̀tí. Bí kò bá sí owó fún ìyẹn báyìí, ẹ wá ẹgbẹ́ tó ti ní ìwé kí ẹ jọ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé àdéhùn lórí ẹni tí owó yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní ti fífa igbó lé ìjọba lọ́wọ́, kì í ṣe dandan mọ́. Nínú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Montreal ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n fẹnu kò pé kí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ àti òkun wà lábẹ́ ààbò kí ọdún 2030 tó parí, ibi tí ará ìlú ń dáàbò bò fúnra wọn sì wà nínú ohun tí wọ́n lè kà. Ẹ wo òkè Mbe ní Ìpínlẹ̀ Cross River: abúlé mẹ́sàn-án ló ni igbó náà, àwọn ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa ṣàkóso rẹ̀, ọ̀bọ ìnàkí sì wà nínú rẹ̀ títí di òní. Àpò tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2023 nítorí àdéhùn yìí tilẹ̀ ní i lọ́kàn pé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ àti ará ìlú, àmọ́ ọwọ́ àwọn àjọ ńláńlá ló ń gbà kọjá, ẹ má fi í ṣe ìrètí ọdún yìí.

Ọmọ Ọbòkun kọ pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹni iyì. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Baálẹ̀ lálẹ́ àná, wọ́n sì ní kí n kí yín. Ojúbọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní ìdí orísun odò gan-an, ìwé yẹn sì ni a ó kọ́kọ́ kọ. Lórí pèrègún, ìṣòro wa ni pé ìdílé kan ti hú mẹ́fà nínú rẹ̀ láti sún oko kòkó wọn síwájú, a kò sì tíì yanjú rẹ̀. Ṣé a lè ya àwòrán náà kí ọ̀rọ̀ tó parí? Àti pé àwọn wo ló lè bá wa ka ohun tó wà nínú igbó náà, igi àti ẹranko, ní ọ̀nà tí ẹni tó ń fúnni lówó yóò gbà gbọ́?

Àgbà Onígbó, Ilé-Ifẹ̀, dáhùn pé:

Ẹ má ya ibi tí ìjà wà mọ́ ọn. Ẹ fa ìlà náà sí ẹ̀yìn àwọn mẹ́fà yẹn ná. Igbó kékeré tí kò ní ẹjọ́ yóò rí owó kí igbó ńlá tó wà ní kóòtù tó rí i. Ní ti kíka igi àti ẹranko, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa àyíká ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níhìn-ín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá igbó tí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí, ibùsùn àti oúnjẹ ni ẹ óò fún wọn, orúkọ ohun gbogbo tí wọ́n bá rí yóò sì wà nínú ìwé tí ẹ lè so mọ́ àbá yín. Ẹ rí aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ pẹ̀lú kí wọ́n tó gbé ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ síwájú ilé, nítorí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ yín di ti àmọ́dún.

Bí ẹ bá ti dá ọjọ́ tí ẹ ó yí ààlà náà ká, ẹ fi tó mi létí. Kọ́ńpáàsì mi ṣì wà, mo sì lè jókòó sí ìdí odò kí n máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín ṣì lè gun òkè.