Ìlà kejì kúùbù aláwọ̀ mẹ́fà ń dà mí láàmú

Ìyá Ìbejì, Kàbbà: Okun o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí iná ti lọ lọ́jọ́ Sátidé ni mo ti ń yí kúùbù àwọn ọmọ mi, ohun ìṣeré tí a ń yí títí ojú kọ̀ọ̀kan á fi ní àwọ̀ kan ṣoṣo, lábẹ́ igi máńgòrò. Ojú funfun ti pé, ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ kan ìlà kejì, gbogbo rẹ̀ á tún dàrú. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ń ṣì í?

Tíṣà Ìsánlú: Ẹ kú ìfaradà, mà. Ẹ wo àárín ojú kọ̀ọ̀kan. Kì í kúrò níbẹ̀, òun ló ń sọ àwọ̀ tí ojú náà máa jẹ́. Ṣé àwọ̀ kejì tó wà létí àwọn funfun yẹn bá àárín ojú ẹ̀gbẹ́ mu? Bí kò bá mu, kò tíì pé nìyẹn. Ẹ fi èyí kọ́ ọwọ́ yín: ẹ gbé ọ̀tún sókè, ẹ yí òkè sí òsì, ẹ sọ ọ̀tún kalẹ̀, ẹ dá òkè padà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kúùbù á padà sí bó ṣe wà. Rubik tó ṣe é ní Hungary ní 1974 pàápàá lo bí oṣù kan kó tó tún un tò.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀: Tèmi já bọ́ lórí ọ̀kadà, igun kan yí sódì. Yíyí lásán ò lè tún irú ẹ̀ ṣe, àfi kí ẹ tú u tàbí kí ẹ fi ipá yí igun náà padà.

Ìyá Ìbejì, Kàbbà: Háà, Tíṣà! Pupa ló wà lókè àárín búlúù. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.